Ìgbẹ́ eku lórí erékùṣù tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ: kí ló yẹ ní ṣíṣe kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ?

Etí-Òkun béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Erékùṣù kan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 30, omi tó wà láàárín òun àti èbúté tó sún mọ́ ọn jù kò ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Òfin ti yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko, ẹnikẹ́ni kì í gbé ibẹ̀ àfi olùṣọ́ méjì tí ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ẹyẹ òkun tí ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó kù ń yé sórí àpáta gbalasa.

Kò sí eku níbẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n rí ìgbẹ́ nǹkan lẹ́yìn ilé àwọn olùṣọ́. Ó gùn tó mìlímítà 15, orí rẹ̀ méjèèjì kò sì ṣóńṣó. Nǹkan tún ti họ àbẹ́là tí wọ́n gbé sí ojú fèrèsé. Oṣù méjì péré ló kù kí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí yé.

Ṣé eku ni lóòótọ́? Tó bá jẹ́ òun ni, pàkúté ni ká kọ́kọ́ dẹ àbí májèlé? Àwọn kan ní kí wọ́n ṣáà gbé ológbò méjì lọ, kí wọ́n jẹ́ kó parí iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Pàkúté-Onírin dáhùn:

Ẹ kú ìfura. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ìgbẹ́ yẹn, Rattus norvegicus ló jọ, ìyẹn eku ńlá tó fẹ́ràn kòtò ìdọ̀tí àti etí omi. Ti eku àjà, Rattus rattus, máa ń kéré sí i díẹ̀, bíi mìlímítà 12, orí rẹ̀ a sì ṣóńṣó. Ti èkúté kì í ju mìlímítà 3 sí 6 lọ. Àmọ́ ìgbẹ́ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ ní kí wọ́n wo àbẹ́là náà dáadáa. Eyín iwájú eku máa ń fi ojú méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi pé ẹnì kan fi ìfá kékeré fá a léraléra. Akàn máa ń fà á ya ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni. Ìgbín á rà á díẹ̀díẹ̀ lójú, kò ní sí àmì eyín kankan.

Kí wọ́n fi rúlà tì í, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kí wọ́n kó ìgbẹ́ náà sínú ìgò kékeré tó ní ẹtánọ́ọ̀lù tó lágbára. Bí wọ́n bá pa eku kankan lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gé ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti pa á sí i lára. Nígbà tó bá yá, àyẹ̀wò DNA ló máa sọ bóyá ẹ̀yìn odi ni eku ti ń wọlé àbí wọ́n ti ń bí lórí erékùṣù. Ìdáhùn méjèèjì yìí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bí.

Kí wọ́n má sì dúró de èsì àyẹ̀wò kankan. Láàárín wákàtí 48 sí ìgbà tí wọ́n rí àmì, pàkúté àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Abo eku tó lóyún kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó bímọ, ó lè bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ náà yóò sì tó bímọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣírò oṣù méjì tó kù yẹn sí i.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé eku kan ṣoṣo rọrùn-ún mú ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí eku bá ti pọ̀, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń du oúnjẹ, ohunkóhun tí ẹ bá gbé síwájú wọn ni wọ́n máa jẹ. Èyí tó dá wà ní ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí, kí ló fẹ́ wá dé inú àpótí yín? Ní 2004, àwọn olùwádìí ní New Zealand mọ̀ọ́mọ̀ tú akọ eku kan sílẹ̀ ní erékùṣù Motuhoropapa, tí kò tó hẹ́kítà 10. Wọ́n tiẹ̀ ti so ẹ̀rọ rédíò mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n lo pàkúté, wọ́n lo májèlé, wọ́n lo ajá tó mọ òórùn eku. Ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lúwẹ̀ẹ́ 400 mítà lọ sí erékùṣù Otata. Ọ̀sẹ̀ 18 ló gbà kí wọ́n tó mú un, ẹran pẹ́ńgúìnì tútù ni wọ́n sì fi mú un.

Nítorí náà, ohun èlò oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìjẹ oríṣiríṣi sì ni. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti rí ìgbẹ́ yẹn, kí wọ́n gbé pàkúté kọ̀ọ̀kan sí mítà 25 síra títí yóò fi yí ibẹ̀ ká dé ọgọ́rùn-ún mítà, kí wọ́n sì tò ó lọ sí gbogbo etíkun tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Inú àpótí onígi tóóró ni pàkúté máa wà, kí ẹnu rẹ̀ má ju ohun tí eku lè gbà wọlé lọ, kí ẹyẹ má baà kó sí i. Ẹ̀pà lílọ̀ nínú ọ̀kan, ẹja gbígbẹ nínú èkejì, ṣokoléètì nínú ẹ̀kẹta. Eku ńlá yìí máa ń fura sí ohun tuntun. Kí wọ́n fi ìdajì àwọn pàkúté náà sílẹ̀ láìkẹ́ fún òru méjì tàbí mẹ́ta, kí ó jẹ nínú wọn kó sì lọ ní àlàáfíà, kí wọ́n tó kẹ́ wọn.

Láàárín àwọn pàkúté, kí wọ́n fi ìda gún ilẹ̀ káàkiri: ìda àbẹ́là tí wọ́n yọ́, tí wọ́n po kòkó lílọ̀ mọ́, tí wọ́n dà sínú ife kékeré títí ó fi dì. Òjò kì í bà á jẹ́ bí ó ti ń ba oúnjẹ jẹ́, àmì eyín sì máa ń hàn lára rẹ̀ kedere. Kámẹ́rà tí ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá kọjá, bí wọ́n bá ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni kó wà.

Lékeléke dáhùn:

Ọ̀rọ̀ ológbò ni mo fẹ́ dá sí, nítorí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi gbogbo. Òótọ́ ni pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Inú ilé lọ̀rọ̀ yẹn mọ. Lórí erékùṣù ẹyẹ, ọmọ ẹyẹ tí kò lè fò rọrùn-ún pa ju eku lọ, ológbò kò sì ní fi èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn sílẹ̀.

Ní erékùṣù Stephens ní New Zealand, wọ́n kọ́ ilé iná atukọ̀, ológbò sì dé ibẹ̀ ní 1894. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé mọ́ nígbà yẹn, kò sì lè fò. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tán pátápátá.

Ẹ má sì rò pé bí nǹkan bá bà jẹ́, wọ́n kàn máa kó ológbò náà kúrò ni. Ní erékùṣù Macquarie, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Australia, wọ́n pa ológbò tó kẹ́yìn ní 2000. Àwọn ehoro tí ológbò ti ń pa tẹ́lẹ̀ wá pọ̀ sí i, pẹ̀lú àwọn ìdí mìíràn, wọ́n jẹ koríko orí òkè kanlẹ̀ débi tí ilẹ̀ fi ń ya lulẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n padà lọ fi ọkọ̀ òfurufú fọ́n májèlé fún ehoro, eku àti èkúté lápapọ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n tó lè kéde pé erékùṣù náà ti mọ́.

Ẹ má gbé ológbò lọ. Ẹ má gbé ẹranko kankan lọ.

Aṣọ́bodè dáhùn:

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Pàkúté-Onírin sọ péye. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tí eku náà gbà wọlé kún un, nítorí bí ẹ bá pa èyí tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀, òmíràn ń bọ̀.

Kìlómítà kan ààbọ̀ kì í ṣe odi fún Rattus norvegicus. Bí omi bá dákẹ́, ó lè lúwẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì. Eku àjà kì í sábà ju ìdajì kìlómítà lọ. Síbẹ̀, ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé olùṣọ́, níbi tí ẹrù ń sọ̀ sí, ni àmì ti kọ́kọ́ hàn.

Ẹ bi wọ́n léèrè báwo ni oúnjẹ ṣe ń dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ páálí ni wọ́n fi ń kó o, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Páálí máa ń sùn ní ilé ìkẹ́rùsí létí èbúté, ẹnikẹ́ni kì í tú u wò, eku tàbí èkúté sì lè tẹ́ ìtẹ́ sí i. Ike tó ní ìdérí tó dé pinpin ni kí wọ́n máa lò. Kí wọ́n di í lójú ọ̀sán, kí wọ́n dé e lọ́gán, kó má sì sùn síta ní ṣíṣí. Àgọ́, àpò ìsùn àti bàtà òjò ni kí wọ́n gbọ̀n kí wọ́n tó dì í. Bí ó bá dé erékùṣù, inú yàrá kan tí ihò kankan kò sí lára rẹ̀ ni wọ́n ti máa tú u, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, kí pàkúté sì ti wà ní kíkẹ́ ní igun rẹ̀. Ihò tó jẹ́ mìlímítà 6 péré, èkúté lè gbà á kọjá, nítorí náà abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Kí pàkúté máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, kódà lọ́jọ́ tí kò bá rin ìrìn àjò. Kó má sùn mọ́ èbúté òkè, ìyẹn ti orí ilẹ̀ ńlá, bó bá ṣeé ṣe. Bó bá di dandan, kí wọ́n fi àwo irin róbótó tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà há okùn kọ̀ọ̀kan láàárín, kí eku má lè gba orí okùn kọjá. Wọ́n máa ń gbàgbé okùn kejì tó wà ní ìdí ọkọ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa dẹ pàkúté ní èbúté òkè fúnra rẹ̀, nítorí eku tí ẹ pa níbẹ̀ kò lè wọ ọkọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ní erékùṣù Cousin ní Seychelles dára púpọ̀. Ibẹ̀ kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 29 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín dọ́gba. Ọkọ̀ àlejò kì í gúnlẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ó máa dúró lójú omi, ọkọ̀ tí erékùṣù náà ní fúnra rẹ̀, tí kì í lọ ibòmíràn, ni yóò wá kó àlejò. Nígbà tí wọ́n ra erékùṣù náà ní 1968, ẹyẹ akọrin kékeré ilẹ̀ Seychelles kò tó 30 mọ́ ní gbogbo ayé, ibẹ̀ nìkan ló sì kù sí. Pé kò sí eku níbẹ̀ ni kò jẹ́ kó parun. Lẹ́yìn tí ó pọ̀ sí i ni wọ́n kó lára rẹ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Aride, Cousine, Denis àti Frégate.

Etí-Òkun:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n rí ojú eyín méjì náà lára àbẹ́là, eku ni. Pàkúté 20 ti wà nílẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù. Bí pàkúté kò bá mú un, tó wá kan májèlé, àpótí mélòó ni hẹ́kítà 30 máa gbà? Akàn ilẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, ó sì ní àwọn àṣá tí ń sọ̀ síbẹ̀ jẹun. Kí la fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Pàkúté-Onírin dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fi pàkúté lé e dáadáa kí ẹ tó ronú májèlé. Ohun tó máa mú yín lọ sí májèlé ni bí àmì bá hàn ní ibi méjì tó jìnnà síra, tàbí bí wọ́n bá rí ọmọ eku. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó oògùn àti ẹranko igbó ní ilẹ̀ yín nísinsìnyí. Ìwé àṣẹ máa ń pẹ́, eku kì í dúró dè é.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Àpótí ní mítà 50 síra jẹ́ mẹ́rin fún hẹ́kítà kan, ìyẹn 120 fún hẹ́kítà 30. Èyí tó fún Rattus norvegicus. Bó bá jẹ́ eku àjà, tí ilẹ̀ tirẹ̀ kéré, mítà 25 ni mo máa lò: mẹ́rìndínlógún fún hẹ́kítà kan, 480 lápapọ̀. Èkúté tún nílò kó sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí kò fi gbọdọ̀ jìnnà síra ni pé gbogbo abo eku gbọ́dọ̀ ní àpótí nínú ibi tó ń rìn dé. Ẹyọ kan tí kò bá rí i, òun ni yóò tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní erékùṣù Gough, ní gúúsù òkun Atlantic, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú fọ́n májèlé káàkiri ní 2021 nítorí èkúté tí ń jẹ ọmọ ẹyẹ òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní albatross láàyè. Kí ọdún náà tó parí, kámẹ́rà ti ya èkúté kan. Iṣẹ́ náà kò yọrí.

Ibi tó máa ń kùnà lórí erékùṣù kékeré ni ara òkè gẹrẹgẹrẹ etíkun. Ènìyàn kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni eku fẹ́ràn. Ẹ wá ẹni tó mọ okùn lò. Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi GPS gba ibi tó wà, ẹ so ìjẹ onída tó ní májèlé mọ́ wáyà nínú rẹ̀ kí eku má lè gbé e sá lọ. Brodifacoum, májèlé tó wọ́pọ̀ nínú irú ìjẹ bẹ́ẹ̀, jẹ́ 0.005%. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọjọ́ 3 sí 10 ló sì ń gbà kó tó pa eku. Pípẹ́ yẹn ló jẹ́ kó wúlò, nítorí eku kò ní mọ̀ pé oúnjẹ yìí ló ń pa òun, kò sì ní sá fún un. Ẹ wò ó lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ ìwọ̀n tí ó jẹ sílẹ̀: kò kàn án, ìlàjì, tán pátá. Àpótí tó bá ṣófo, ẹ kún un lójú ẹsẹ̀. Eku tó jẹ díẹ̀ tí kò kú ló burú jù. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdọ̀tí ilé ìdáná wà níta ní gbogbo àsìkò yẹn, nítorí ó ń bá ìjẹ yín dù ú.

Akàn ilẹ̀: májèlé yìí kì í pa á, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò rí bíi tiwa. Yóò kàn jẹ ẹ́ tán ni. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ pípa eku ní erékùṣù Palmyra, ní òkun Pacific, ní 2011 gba májèlé tó pọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ gbé àpótí sórí ẹsẹ̀ oníke tó ń yọ̀, kó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Eku á fò gun orí rẹ̀, akàn kò ní lè gùn ún. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ akàn ibẹ̀ títí àwọn tó fún yín ní àṣẹ yóò fi sọ pé ó ti mọ́, nítorí májèlé yìí máa ń pẹ́ nínú ara ẹran.

Àṣá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, nítorí eku tó ti jẹ májèlé máa ń rìn tẹ̀ǹbẹ̀lẹ̀kún lójú ọ̀sán, ó rọrùn-ún gbé. Inú àpótí nìkan ni májèlé gbọ́dọ̀ wà, ẹ má fọ́n ọn sílẹ̀. Ẹ máa wá òkú eku láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ fi ìbọ̀wọ́ ṣà á, ẹ kó o kúrò lórí erékùṣù. Ní erékùṣù Lord Howe ti ilẹ̀ Australia ní 2019, wọ́n kó ẹyẹ ibẹ̀ méjì, woodhen àti currawong, sínú ilé ẹyẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ wọn títí ewu fi kọjá. Ó náni, ṣùgbọ́n bí irú ẹyẹ kan bá wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, mi ò rí ọ̀nà mìíràn tó bójú mu.

Lẹ́yìn àmì tó kẹ́yìn, ẹ má kó nǹkan kan nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ìda àti kámẹ́rà ló kù, lóṣooṣù, fún ọdún méjì gbáko, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé eku ti tán. Ní erékùṣù Lundy, létí ilẹ̀ England, wọ́n ṣe iṣẹ́ náà láàárín 2002 sí 2004, ọdún 2006 ni wọ́n tó kéde. Ẹyẹ òkun Manx shearwater tó jẹ́ nǹkan bí 300 tọkọtaya ní 2001 ti ju 12,000 lọ ní 2023.

Ihò-Ẹyẹ dáhùn:

Ọ̀rọ̀ kan péré ni tèmi. Àwọn tó máa yẹ pàkúté wò lójoojúmọ́ yóò máa rìn lórí ihò ẹyẹ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àtẹ̀lẹsẹ̀ ń ba ihò jẹ́, bí ẹyin bá sì ti wà nínú rẹ̀, ó parí.

Kí wọ́n yan ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo láti àpótí sí àpótí báyìí tí ẹyẹ kò tíì dé, kí wọ́n fi àmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má yà kúrò lórí rẹ̀. Níbi tí ihò bá pọ̀ jù, kí wọ́n tẹ́ pátákó pẹlẹbẹ, kí ìwúwo ènìyàn lè tàn ká. Bí ẹsẹ̀ bá já wọlé, kí onítọ̀hún dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ tó ya sínú ihò náà jáde títí ọ̀nà ẹyẹ yóò fi là, kó fi pátákó tàbí òkúta pẹlẹbẹ bo ibi tó ṣí, kó da erùpẹ̀ lé e lórí. Kó má kàn tẹ̀ ẹ́ pa kó máa lọ, nítorí ẹyẹ tó wà nínú kò ní rí ọ̀nà jáde.

Iná pẹ̀lú. Òru ni ẹyẹ wọ̀nyí máa ń wọlé láti òkun, iná máa ń fà wọ́n, wọn a sì forí sọ ògiri. Kí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé ilé olùṣọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Iná orí tí wọ́n máa lò láti yẹ pàkúté wò lóru, kó jẹ́ pupa, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí ilẹ̀.

Etí-Òkun:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa là ọ̀nà náà lọ́la kí òjò tó dé, wọ́n sì ti kó páálí kúrò nínú ọkọ̀. Mo máa padà wá sọ ohun tí ìda bá fi hàn.